Ṣé Iṣẹ́ Ni Kéèyàn Máa Kọ Ìtàn Ìfẹ́?

 

Ọ̀rọ̀ kan ń jà láàárín wa láti ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ọmọ wa kan, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, ti ń sọ fún òbí wọn pé ìwé ìtàn ìfẹ́ làwọn fẹ́ máa kọ. Orí fóònù ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Ẹlòmíì ti kọ ọ́ dé orí kẹwàá kí ará ilé tó mọ̀ pé kì í ṣe pé ó kàn ń tẹ fóònù lásán. Ìbéèrè táwọn òbí sì ń bi wá ni pé: ṣé iṣẹ́ nìyẹn? Ta ló ń jẹun nídìí ẹ̀? Àbí ìṣekúṣe lọmọ yìí ń kó wọlé?

A ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà. Ìtàn la fẹ́ sọ. Àwọn tó ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú kì í ṣe àjèjì. Orúkọ wọn wà, iṣẹ́ tí wọ́n fi ń bọ́ ara wọn wà, ọ̀kan pàtàkì nínú wọn sì jẹ́ aládùúgbò wa.

Tẹ́ ẹ bá kúrò lábẹ́ afárá Eliozu, tẹ́ ẹ gba Rumuokoro, tẹ́ ẹ wá tọ títì East-West dé Choba, Aluu ò jìnnà mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Elechi Amadi ní ọdún 1934. Ọmọ Ikwerre ni, ìyẹn àwọn onílẹ̀ tó gbà wá lálejò. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tiwa náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀. Nígbà tó parí ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba ní Umuahia, ìlú Ọ̀yọ́ ló lọ ní 1953, sí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀. Láti Ọ̀yọ́ ó bọ́ sí Ìbàdàn, sí University College tó wá di Yunifásítì Ìbàdàn lónìí, ó sì gboyè níbẹ̀ ní 1959 nínú físíìsì àti ìṣirò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kejì: físíìsì àti ìṣirò. Ó ṣiṣẹ́ wíwọn ilẹ̀, ó ṣe tíṣà ní Ahoada àti ní Port Harcourt níbí, ó wọ iṣẹ́ sójà, ó sì kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ológun ní Zaria. Ní 1966 ni ilé ìtẹ̀wé Heinemann gbé ìwé ẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, The Concubine.

Àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ kì í pe ìwé yẹn ní ìtàn ìfẹ́. Wọ́n á ní ìtàn àwọn òrìṣà ni, wọ́n á ní ìtàn kádàrá ni. Àwa ò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á mọ ohun tó mú un jókòó tì í. Ihuoma jẹ́ opó ọ̀dọ́, ó lẹ́wà, ó sì níwà. Ekwueme, ọ̀dọ́kùnrin olórin, fẹ́ràn ẹ̀ dé góńgó. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn òbí Ekwueme ti fẹ́ Ahurole sílẹ̀ dè é láti kékeré. Ihuoma fúnra ẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ̀, torí ó mọ̀ pé ọkọ tí wọ́n ti yàn fún ẹlòmíì ni. Ekwueme gba Ahurole sílé tipátipá, ilé ò rójú, Ahurole wá lọ wá òògùn kí ọkọ òun lè fẹ́ràn òun. Òògùn yẹn yí ọkùnrin náà lórí, ó di wèrè, kò sì sẹ́ni tó lè bá a sọ̀rọ̀ kó gbọ́ bí kò ṣe Ihuoma. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ni babaláwo wọn tó wá sọ pé Ihuoma ní ọkọ nínú omi, ọkọ òjòwú. Àwa Yorùbá ò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìyẹn fún wa, a mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọkọ ọ̀run. A ò ní sọ bó ṣe parí, torí àwọn tí ò tíì kà á.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Kí ọkọ inú omi tó dá sọ́rọ̀, èèyàn ẹlẹ́ran ara ló kọ́kọ́ da ìfẹ́ àwọn méjèèjì rú. Bàbá àti ìyá tó yan aya fún ọmọ tí ò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì ni. Ìbéèrè kan náà la ó máa bá pàdé bá a ṣe ń bọ̀ nílẹ̀ yìí: ta ló ní ẹ̀tọ́ láti sọ ẹni tí ọmọ yóò fẹ́? A rò pé ìbéèrè yẹn ló ń bà wá lẹ́rù, ju owó lọ.

Ní èdè tiwa gan-an, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 37 ṣáájú ìwé Amadi. Ìlú Èkó ni. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, ìwé ìròyìn Yorùbá pọ̀ ní Èkó bí ilá: Èkó Àkéte wà, Eléti Ọfẹ wà, Ìbàdàn náà sì ní Yoruba News. Isaac Babalọlá Thomas, tó ti ṣe tíṣà tẹ́lẹ̀, dá Akéde Èkó sílẹ̀ ní 1928, ó ń gbé e jáde ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Keje ọdún 1929, lẹ́tà kan jáde nínú ìwé ìròyìn náà. Obìnrin kan ló ní òun kọ ọ́. Ó ní Sẹ̀gilọlá lòun ń jẹ́, òun ti dàgbà, àìsàn ti dá òun dùbúlẹ̀, òun sì fẹ́ sọ gbogbo ohun tójú òun rí lọ́wọ́ ọkùnrin, àti ohun tí ojú ọkùnrin rí lọ́wọ́ òun, kí àwọn ọmọbìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè fi kọ́gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ló ń bá a lọ títí di oṣù Kẹta ọdún 1930.

Gbogbo Èkó dá sí i. Àwọn òǹkàwé ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn nípa ẹ̀, bíi pé aládùúgbò wọn ni. Ó ń dárúkọ àdúgbò tí wọ́n mọ̀, ó ń dárin tí wọ́n mọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ aṣọ àti òde àríyá ìgbà èwe ẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé òótọ́ ni. Àṣé olóòtú náà, Thomas fúnra ẹ̀, ló jókòó sídìí tábìlì tó ń kọ Sẹ̀gilọlá. Nígbà tó parí, ó kó lẹ́tà wọ̀nyẹn jọ, ó sì tẹ̀ wọ́n bí ìwé ní 1930. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà lónìí pé òun ni ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, ọdún mẹ́jọ ṣáájú Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà kọ. Ọ̀mọ̀wé Karin Barber tún un tẹ̀ ní 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ẹni tó bá wá a yóò rí i.

Ohun tá a fẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí níbẹ̀ pọ̀. Thomas ò lọ jókòó sínú yàrá fún ọdún mẹ́ta kó tó fi iṣẹ́ ẹ̀ hàn ayé. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló ń gbé e jáde. Bí kò bá dùn lọ́sẹ̀ yìí, wọn ò ní ra ìwé ìròyìn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìyẹn ni kò sì jẹ́ kó sùn. Ọmọ tó ń gbé orí kan jáde lórí fóònù lọ́jọ́ Ẹtì, tó ń retí ohun tí àwọn èèyàn máa sọ, ọ̀nà Thomas ló ń tọ̀ láìmọ̀. Èkejì ni ọgbọ́n tó dá sí àwọn àgbà. Ìbáwí ló gbé síwájú, adùn ló kó sẹ́yìn. Sẹ̀gilọlá ń sunkún, ó ń kìlọ̀, ó ń ka Bíbélì sí wa létí, ṣùgbọ́n nígbà tó bá dé ibi tó ti ń ṣàpèjúwe ẹni tó kọ́kọ́ wù ú, ojú ẹ̀ á dán. Àwa rò pé Thomas mọ ohun tó ń ṣe dáadáa. Bí kò bá ṣe ìkìlọ̀ yẹn ni, bóyá ni àwọn bàbá Èkó ìgbà náà ìbá jẹ́ kí ìwé ìròyìn yẹn wọ ilé wọn.

Ẹ jẹ́ ká fò kọjá Ọ̀nìtshà kíá. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, àwọn oníṣòwò ọjà ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí ọlọ́kọ̀ èrò lè kó dé ìlú tó jìnnà. Cyprian Ekwensi, tí wọ́n bí ní Minna ní 1921, tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ìbàdàn, tó sì di apòògùn, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ ìtàn ìfẹ́ fún ọjà yẹn, ó pe tiẹ̀ ní When Love Whispers. Ní 1956 ni Ogali kọ eré Veronica My Daughter, bàbá fẹ́ fi ọmọ fún olówó, ọmọ ní ẹni tóun fẹ́ lòun máa fẹ́. Ẹ ti mọ ìbéèrè yẹn.

A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí Ó Le Kú, torí kò sí ilé Yorùbá kan tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n, bí kò ṣe nínú ìwé, á jẹ́ nínú fíìmù, bí kò sì ṣe nínú fíìmù, á jẹ́ lára aṣọ. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ọmọ Lábọ́dé ní ẹ̀bá Ìbàdàn, tí wọ́n bí ní 1939, èdè Faransé ló lọ kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré ìtàn ìyálóde tó le bí ẹdun. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nídìí Ẹfúnṣetán ò ní retí pé ìtàn ọ̀dọ́ tó ń wá ìyàwó ni yóò tún ti ọwọ́ ẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ní 1974 ni Ó Le Kú dé. Àjàní wà ní yunifásítì, ìyá ẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kó mú ìyàwó wálé, obìnrin mẹ́ta sì wà lójú ọ̀nà: Àṣàkẹ́, Lọlá, Ṣadé.

Kí ni Ìṣọ̀lá ṣe tí ẹlòmíì ò tíì ṣe? Ó jẹ́ kí ọmọ yunifásítì máa fi Yorùbá ṣeré ìfẹ́. Kò sí iwin níbẹ̀, kò sí ọdẹ, kò sí ọba. Èdè tí wọ́n fi ń bá ara wọn ṣàwàdà nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà ló kọ sílẹ̀, ó sì jẹ́ kí ìyá àti ọmọ bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ìyá àti ọmọ ṣe ń sọ ọ́ nínú ilé. Nígbà tí Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997, ìró kúkúrú àti bùbá tí àwọn ọmọge inú ẹ̀ wọ̀ tún padà di àṣà, wọ́n sì ń pe aṣọ náà ní olekú títí dòní. Ẹni tó ń ránṣọ ní Eliozu níbí mọ ohun tó túmọ̀ sí tẹ́ ẹ bá ní kó rán olekú fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ Ikwerre tàbí ọmọ Ìbìbíò. Ìwé ìfẹ́ kan péré ló bí orúkọ yẹn o.

Ìṣọ̀lá náà ò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ń kọ́ni ní yunifásítì ní Ifẹ̀ títí. Torí náà, ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń béèrè pé ta ló ń jẹun nídìí ẹ̀, ìdáhùn tí ìtàn fún wa ò fẹ́ tan yín: láti ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ yó. Thomas ní ìwé ìròyìn tó ń tà. Ekwensi ní òògùn tó ń pò. Amadi ní iṣẹ́ tíṣà àti owó oṣù sójà. Òǹkọ̀wé tó bá gba ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé kọjá, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ìwé ló sábà máa ń kàn án, lẹ́yìn tí ìwé bá tà. Ọmọ tó bá sọ pé òun á fi yunifásítì sílẹ̀ torí orí kẹwàá, ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ tó bá ń kọ ọ́ lálẹ́ lẹ́yìn tó ti ṣe iṣẹ́ ọ̀sán ẹ̀, tirẹ̀ ò yàtọ̀ sí tàwọn tá a dárúkọ yìí.

Ní ti ìṣekúṣe, a fẹ́ mú yín lọ sí Kánò. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn obìnrin Hausa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé tí wọ́n ń pè ní littattafan soyayya, ìyẹn ìwé ìfẹ́. Balaraba Ramat Yakubu wà lára àwọn tó ṣíwájú. Àbúrò Ọ̀gágun Murtala Muhammed ni. Wọ́n fà á fún ọkọ tó dàgbà jù ú lọ fíìfíì nígbà tó ṣì kéré, ìgbéyàwó náà sì tú. Ilé-ẹ̀kọ́ àgbà ló ti wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé tí wọ́n sì ń kà á. Ẹ ronú sí i: obìnrin tí ẹnikẹ́ni ò retí pé kó mọ lẹ́tà kan, lẹ́tà tó mọ yẹn ló fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé nípa ọmọbìnrin tí wọ́n fún ní ọkọ tí kò fẹ́. Ọ̀kan nínú ìwé ẹ̀, Wa Zai Auri Jahila?, orúkọ ẹ̀ túmọ̀ sí: ta ló máa fẹ́ aláìmọ̀wé? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ló ń fi owó ara wọn tẹ̀wé. Ìwé ń tà. Àwọn kan bínú, wọ́n ní ó ń ba àwọn ọmọge jẹ́, ní 2007 ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò sì dáná sun irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Iná yẹn ò pa á. Ní 2012, ilé ìtẹ̀wé kan ní Chennai, ní Íńdíà, gbé ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọ̀kan nínú ìwé Balaraba jáde, ayé ń kà á.

A ò sọ pé gbogbo ìwé ìfẹ́ ló dára o. Ẹ̀gbin wà níbẹ̀, ọmọ tó bá sì kéré kò gbọdọ̀ ka gbogbo nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwa bá gbọ́ pé ìwé kan ń ba ọmọ jẹ́, a kọ́kọ́ máa ń béèrè ohun tí ọmọ inú ìwé náà ní kí wọ́n ṣe fún òun. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó béèrè ò ju pé kí wọ́n bi òun kí wọ́n tó fi òun fọ́kọ.

Àwọn ìyá wa náà ò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilé ìtẹ̀wé Mills & Boon ti wà ní London láti 1908, ìwé wọn sì kún ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin nílẹ̀ yìí nígbà kan. A mọ ohun tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí yín ní bọ́dìn háùsì nígbà yẹn, ẹ̀yin ìyáàfin. Ọkùnrin òyìnbó gíga, ojú ẹ̀ búlúù, ilé ńlá, ẹṣin. Ta ló rí irú ẹ̀ rí ní ojú ọjà Rumuokoro? Nígbà tí Macmillan bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ Pacesetters ní 1977 ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó rí orúkọ bíi tiwọn nínú ìwé ìfẹ́ olówó pọ́ọ́kú. Helen Ovbiagele kọ Evbu My Love sínú ọ̀wọ́ yẹn ní 1980, oníròyìn lòun náà.

Ọdún 2014 ni nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ tó kàn wá. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin, ìlú Port Harcourt tá a wà yìí ni UNESCO fi ṣe olú ìlú ìwé fún gbogbo àgbáyé fún ọdún kan gbáko. Àwọn Rainbow Book Club ló ṣe agbátẹrù ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí nígbà náà á rántí pátákó tí wọ́n gbé sójú títì. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà ni ilé ìtẹ̀wé Cassava Republic, tí Bíbí Bákàrè-Yusuf wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka kan tó ń jẹ́ Ankara Press, fún ìtàn ìfẹ́ nìkan. Mẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, lórí ẹ̀rọ ni wọ́n sì kọ́kọ́ ti ń tà á, kí ẹni tó wà nínú gosìló lè kà á lórí fóònù. Ọlá Awónúbi àti Oyíndàmọ́lá Affinnih wà lára àwọn mẹ́fà yẹn. Obìnrin inú ìwé wọn ní iṣẹ́ tiẹ̀, kò jókòó de ọkùnrin tó máa gbà á là. Ní àyájọ́ àwọn olólùfẹ́ ọdún 2015, wọ́n tún kó ìtàn kúkúrú méje jọ, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ìtumọ̀ sí àwọn èdè mìíràn ní Áfíríkà, Yorùbá wà níbẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Port Harcourt sílẹ̀ ní 1913, tí ọkọ̀ ojú irin sì dé Enugu láti ibí ní 1916, ìlú àlejò ni ìlú yìí. Àwọn èèyàn wa bá iṣẹ́ ìjọba dé, wọ́n bá òwò dé, wọ́n bá epo rọ̀bì dé. Àwọn ọmọ tá a bí síbí ń gbọ́ Yorùbá nílé, Píjìn ní títì, Ikwerre lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n bá wá ẹni tí wọ́n fẹ́, kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí ọmọ Ọ̀ṣun nìkan ni wọ́n ń mú wá. Ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìpàdé ẹbí nílé, ìpè láti ìlú, ẹ̀gbọ́n tó ní òun ò ní wá, ìyá tó ń sunkún ní kíṣìnì. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kan, alága ìdúró wa dúró níwájú àwọn àgbà Ikwerre, ó ń sọ Yorùbá, ẹnìkan ń túmọ̀ ẹ̀ sí Píjìn, gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí ọmọ wa ń kọ sínú fóònù nìyẹn. Kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ti rí wa.

Ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ti dé Eliozu kí wọ́n tó ṣe afárá, nígbà tí igbó ṣì wà níbi tí ilé pọ̀ sí báyìí, ẹ sọ fún wa bí ẹ ṣe pàdé ara yín. Mámà, ta ni bàbá wọn ránṣẹ́ sí yín? Kí ni àwọn ará ilé sọ? Ṣé ọkọ̀ ojú irin lẹ bá wá àbí ọkọ̀ èrò? Bí ẹ kò bá lè tẹ̀ ẹ́, ẹ pe ọmọ tó wà nítòsí kó gbà á sílẹ̀ ní ohùn, kó sì bá yín kọ ọ́. Yorùbá ni kẹ́ ẹ fi sọ ọ́, bó bá sì di Píjìn ní àárín, ẹ má dá a dúró.